Obìnrin Tó Ń Tẹ Ọ̀rọ̀ Sábẹ́ Fíìmù

Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin ló sọ ọ́ ní Ẹsẹ̀-ò-Gbélé, orúkọ yẹn sì mọ́ ọn lára ju èyí tí bàbá wọn sọ ọ́ lọ. Ọmọ ọdún mẹ́rìndínláàádọ́ta ni. Ó ti ṣe iṣẹ́ mọ́kànlá, ó ti gbé ilé mẹ́sàn-án, kò sì sí ibi tí wọ́n ti lé e rí. Òun fúnra rẹ̀ ló máa ń kúrò. Tó bá ti tó bí ọdún méjì tó ti wà níbì kan, ara á bẹ̀rẹ̀ sí í yún un. Á máa ka ìwé tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ògiri ibùdókọ̀, á máa bi àwọn onímọ́tò léèrè ibi tí wọ́n ń lọ, bẹ́ẹ̀ kò ní nǹkan kan tó fẹ́ lọ ṣe níbẹ̀.

Iṣẹ́ bàbá wọn ló fà á. Afárá ni bàbá wọn ń bá àwọn kọngílá kọ́. Bí afárá kan bá ti parí, wọ́n á di ẹrù, ó di odò mìíràn nìyẹn. Kí Ẹsẹ̀-ò-Gbélé tó jáde ìwé mẹ́fà, ilé ìwé méje ló ti lọ. Ìyà ni ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ka ìyẹn sí. Bó ṣe rí ọkọ fẹ́ báyìí, ilé kan ló wá, ó kó wọ inú rẹ̀, ó sì ti ìlẹ̀kùn mọ́ra. Ọdún mẹ́rìnlélógún rèé, kò tíì pààrọ̀ àga pálọ̀. Ní ti àbúrò, ìgbà tí ọkọ̀ ẹrù bá ń gbéra nìkan lọkàn rẹ̀ máa ń balẹ̀. Ó lọ́kọ nígbà kan, ọkùnrin jẹ́jẹ́ kan tó ń ránṣọ. Ọkùnrin náà bá a kó kiri lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Nígbà tó di ẹlẹ́ẹ̀kẹrin, ó jókòó ti ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀, ó ní, "Ìyàwó mi, mo fẹ́ràn rẹ o, ṣùgbọ́n àwọn oníbàárà mi ò mọ ibi tí mo wà mọ́." Wọ́n pínyà láìjà. Òun náà ló ṣì ń rán aṣọ fún un títí di òní.

Iṣẹ́ tó pẹ́ nídìí rẹ̀ jù ni iṣẹ́ ìtẹ̀wé nílé ẹjọ́. Ọdún mẹ́fà gbáko ló lò níbẹ̀. Bí adájọ́ bá ti ń sọ̀rọ̀, tí ẹlẹ́rìí ń dáhùn, ọwọ́ rẹ̀ á máa lọ wàrà-wàrà lórí ẹ̀rọ, ojú rẹ̀ á wà lẹ́nu ẹni tó ń sọ̀rọ̀. Ibẹ̀ ló ti gbọ́ èdè ńlá tí àwọn ará ilẹ̀ òkèèrè fi ń bá ara wọn sọ̀rọ̀, ibẹ̀ náà ló sì ti kọ́ bí èèyàn ṣe ń mọ̀ pé ẹnì kan fẹ́ sọ̀rọ̀ kó tó lanu. "Èémí ni," bó ṣe máa ń sọ nìyẹn. "Ẹni tó fẹ́ sọ̀rọ̀ á kọ́kọ́ mí."

Èémí yẹn ló gbé e dé ilé sinimá. Ilé sinimá kékeré kan wà lẹ́yìn ilé ìfìwéránṣẹ́, àga inú rẹ̀ kò pé ọgọ́rùn-ún. Láàárín ọ̀sẹ̀, fíìmù tí gbogbo ayé ń wò ni wọ́n ń fi hàn níbẹ̀, òun sì ni ó ń já tíkẹ́ẹ̀tì. Ṣùgbọ́n bó bá di aago mẹ́ta ọ̀sán Sátidé, àwọn àlejò tó ń gbé ìlú náà ló ń gba gbogbo ilé. Tíṣà ni wọ́n, ẹnjiníà, nọ́ọ̀sì, òṣìṣẹ́ ilé iṣẹ́ aṣojú orílẹ̀-èdè, àti àwọn ìyàwó tó tẹ̀lé ọkọ wá tí ilé ti wá sú. Oríṣiríṣi ilẹ̀ ni fíìmù wọn ti ń wá, kì í sì í ṣe fíìmù oníbọn. Ọkùnrin tó ń fi wọ́n hàn, tí gbogbo wọn ń pè ní Ó-ti-Yá nítorí pé kò lè tan ẹ̀rọ láìkọ́kọ́ sọ pé "ó ti yá," máa ń ní, "Fíìmù tí ẹnì kan á ti máa wo ìta lójú fèrèsé títí tí ìwọ náà á fi máa wá fèrèsé kiri."

Ọ̀pọ̀ nínú àwọn fíìmù yẹn kì í ní ìtumọ̀ lábẹ́. Ìwé ni wọ́n máa fi ń ránṣẹ́, gbogbo ọ̀rọ̀ inú fíìmù ní èdè ńlá yẹn, ní ìlà ìlà. Ẹnì kan ní láti jókòó sínú yàrá kékeré tó wà lẹ́yìn, nídìí gíláàsì, kó máa tẹ bọ́tìnì kan fún ìlà kọ̀ọ̀kan, kí ọ̀rọ̀ náà lè yọ lábẹ́ àwòrán lásìkò tó yẹ. Bó o bá tètè tẹ̀ ẹ́, àwọn èèyàn á ti rẹ́rìn-ín kí ẹni inú fíìmù tó dápàárá. Bó o bá pẹ́, ẹni tó ń sunkún á ti máa jẹun kí wọ́n tó mọ ohun tó pa á lẹ́kún. Ẹsẹ̀-ò-Gbélé kò gbọ́ èdè tó pọ̀ nínú wọn, àmọ́ ó ń rí èémí. Ó máa ń wo fíìmù lẹ́ẹ̀mẹ́ta ṣáájú, ó sì máa ń ṣe é ní òró, torí kò lè jókòó. Ẹsẹ̀ rẹ̀ kan á wà nílẹ̀, èkejì á máa jó.

Ó ku oṣù kan kó pé ọdún méjì níbẹ̀ nígbà tó rí ìwé kan lára ògiri. Ọkọ̀ ojú omi kan tó ń kó ẹrù láti èbúté dé èbúté ń wá akọ̀wé tí á máa bá wọn rìn. Ó kọ̀wé sí wọn láàárọ̀, wọ́n sì gbà á kí ọ̀sẹ̀ náà tó parí.

"Orí omi lo fẹ́ lọ gbé?" Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ kò tiẹ̀ jẹ́ kó jókòó kó tó bẹ̀rẹ̀. "Ṣé ilẹ̀ ti tán ni?"

"Ẹ̀gbọ́n mi, iṣẹ́ ni. Wọ́n á fún mi ní yàrá."

"Yàrá tó ń mì! Tó o bá dé ojú omi tí ara tún ń yún ọ, ibo lo máa kó lọ? Ṣé inú ẹja?"

Ọkọ̀ máa gbéra lọ́jọ́ Ajé tó tẹ̀lé ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀. Sátidé méjì péré ló kù fún un nílé sinimá.

Sátidé àkọ́kọ́ nínú méjèèjì ni ọ̀ràn ṣẹlẹ̀. Fíìmù ọjọ́ náà dá lórí ìyàwó atukọ̀ kan létí odò ńlá. Wọ́n fẹ́ kọ́ afárá sórí odò náà, iṣẹ́ ọkọ fẹ́ tán, ìyàwó sì ń palẹ̀ mọ́ láti lọ wáṣẹ́ nílẹ̀ òkèèrè. Ẹ̀dà tí wọ́n fi ránṣẹ́ ṣáájú ni Ẹsẹ̀-ò-Gbélé ti fi dánra wò. Ojúlówó dé lọ́sàn-án ọjọ́ náà gan-an, Ó-ti-Yá sì sáré fi í sínú ẹ̀rọ nítorí aago mẹ́ta ti fẹ́rẹ̀ẹ́ lù. Kò sẹ́ni tó ráyè wò ó pé ojúlówó yìí fi ìṣẹ́jú méjìlélógún gùn ju ẹ̀dà lọ.

Ó ń tẹ̀ ẹ́ lọ geerege. Ó tẹ ìlà ọ̀ọ́dúnrún-lé-méjìlá, níbi tí ìyàwó ti sọ fún ọkọ pé òun ń lọ dágbére fún ìyá òun. Ohun tó mọ̀ pé ó kàn ni ọkọ̀ ojú irin. Kíṣìnnì ló rí. Kíṣìnnì kan tí kò rí rí láyé rẹ̀, ìyá arúgbó kan ń fọ àwo, ọmọ ń nù ún, àwọn méjèèjì sì ń sọ̀rọ̀ wùyẹ̀ wùyẹ̀. Ìka rẹ̀ dúró sókè. Ó yẹ ìwé wò. Ọkọ̀ ojú irin ló wà níbẹ̀.

"Ó-ti-Yá, kí lèyí?"

"Èwo tún rèé?" Ó-ti-Yá fi ojú mọ́ gíláàsì. "Mi ò mọ àwọn wọ̀nyí rí."

Àwọn èèyàn ti ń yí orí wo ẹ̀yìn. Máníjà wọlé, ọkùnrin sísanra kan tó máa ń làágùn bí òjò ò tilẹ̀ jẹ́ kí oòrùn ràn.

"Tẹ nǹkan!"

"Kí ni kí n tẹ̀, sà?"

"Ohunkóhun!"

"Ṣé kí n tẹ̀ ẹ́ pé ẹ kú ìjókòó ni?"

Kò dúró gbọ́ èsì. Ẹsẹ̀ rẹ̀ ti gbé e jáde kúrò nínú yàrá. Ó ní kí Ó-ti-Yá dá fíìmù dúró. Nígbà tí iná inú gbọ̀ngàn tàn, àárín àga ló ti wà, ó ń fi èdè ńlá yẹn béèrè pé ta ló gbọ́ èdè tí wọ́n ń sọ nínú fíìmù yìí. Wọ́n wo ara wọn. Kò sẹ́nì kan tó nawọ́.

Ṣùgbọ́n ó ti rí nǹkan kan látẹ̀yìn gíláàsì. Obìnrin arúgbó kan wà tó máa ń dá jókòó sí ìparí ìlà kẹta, kò pa Sátidé kan jẹ rí, kì í sì í bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀. Màmá Ẹ̀gbẹ́-Ògiri ni wọ́n ń pè é. Ẹsẹ̀-ò-Gbélé lọ síbẹ̀, ó lóṣòó tì í.

"Ẹ jọ̀ọ́, Màmá. Ẹ gbọ́ ọ."

"Mi ò gbọ́ nǹkan kan." Èdè ìlú náà gan-an ló fi dáhùn, ó sì já gaara, àfi bó ṣe ń fa ìparí ọ̀rọ̀ díẹ̀.

"Ẹ rẹ́rìn-ín kí n tó tẹ̀ ẹ́. Lẹ́ẹ̀mejì."

Arúgbó náà yíjú sí i. "Ojú rẹ mú jù."

"Iṣẹ́ mi ni, Màmá."

Máníjà fa wáyà gígùn kan dé, ó gbé máìkì lé wọn lọ́wọ́. Ó-ti-Yá dá fíìmù padà sẹ́nu ọ̀nà kíṣìnnì, wọ́n gbọ́ ohùn rẹ̀ látẹ̀yìn, "Ó ti yá!" Iná kú.

Ohùn obìnrin náà kọ́kọ́ tín-ín-rín. Bó ti ń fi èdè ńlá sọ ọ́ fún wọn ni gbogbo gbọ̀ngàn ń dákẹ́ sí i. Nígbà tó yá, ohùn rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í yàtọ̀. Tí ọmọ bá sọ̀rọ̀, á sọ ọ́ kíá. Tí ìyá bá sọ̀rọ̀, á wọ́ ọ. Ìyá bi ọmọ bóyá ó ti kó bàtà òjò sínú ẹrù. Ọmọ ní kò sí òjò níbi tóun ń lọ. Ìyá ní ibi tí kò sí òjò kì í ṣe ibi téèyàn ń gbé. Gbogbo ilé rẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn náà ni ìyá inú fíìmù gbé àwo kan sílẹ̀, ó nu ọwọ́, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀ láìwo ojú ọmọ.

Màmá Ẹ̀gbẹ́-Ògiri dákẹ́.

Ìyá arúgbó inú fíìmù ń sọ̀rọ̀ lọ. Kò sẹ́ni tó mọ ohun tó ń sọ. Ẹsẹ̀-ò-Gbélé rò pé ó gbàgbé ni, ó sún máìkì mọ́ ọn lẹ́nu, obìnrin náà sì rọra fi ọwọ́ tì í sẹ́yìn. Kò tó ìṣẹ́jú kan, ṣùgbọ́n ó gùn bí mẹ́ta. Orúnkún Ẹsẹ̀-ò-Gbélé ń ta á níbi tó lóṣòó sí, kò sì lè dìde. Nígbà tí ọkọ̀ ojú irin yọ, obìnrin náà mí kanlẹ̀, ó sì ń bá ìtumọ̀ rẹ̀ lọ bí ẹni pé nǹkan kan ò ṣe, torí ìwé kò bá fíìmù mu mọ́.

Wọ́n pàtẹ́wọ́ títí nígbà tó parí. Àmọ́ bí iná ti tàn, àga ẹ̀gbẹ́ ògiri ti ṣófo. Ẹsẹ̀-ò-Gbélé sáré jáde, ó bá a ní ibùdókọ̀ tó fi ọwọ́ méjèèjì di báàgì rẹ̀ mú.

"Màmá, kí ni ìyá yẹn sọ?"

"Ṣé Máníjà rẹ ló rán ọ ni?"

"Rárá o. Èmi ni mo fẹ́ mọ̀."

Bọ́ọ̀sì kan dé, ó lọ. Obìnrin náà kò wọ̀ ọ́.

"Ó ní kí ọmọ òun má kọ̀wé sílé pé ara le. Ó ní, 'Ara líle ò nílò lẹ́tà. Ohun tó bá ń dùn ọ́ ni kó o kọ sí mi, èmi ni ìyá rẹ.'" Ó gbójú sókè wo òpópónà. "Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni mo ti dé ìlú yìí. Iṣẹ́ ẹ̀rọ lọkọ mi wá ṣe. Oṣooṣù ni mò ń kọ̀wé sí ìyá mi, fún ọdún mẹ́rìndínlógún. Oyún méjì bà jẹ́ lára mi, mo kọ ọ́ pé ara mi le. Ẹ̀rọ gé ọwọ́ ọkọ mi, mo kọ ọ́ pé ọkọ mi ń kí yín. Ìyá mi kú, ó gbà pé mò ń jayé. Ṣé ohun tó o fẹ́ kí n sọ sínú máìkì nìyẹn?"

Ẹsẹ̀-ò-Gbélé bá a di báàgì náà mú. Ó ní, "Ẹ má bínú, Màmá." Wọ́n jọ dúró títí bọ́ọ̀sì mìíràn fi dé.

Máníjà, ẹni tí àtẹ́wọ́ yẹn ti kó sí lórí, ti kéde pé wọn á tún fíìmù náà fi hàn ní Sátidé tó ń bọ̀, pẹ̀lú gbogbo ọ̀rọ̀ rẹ̀ lábẹ́. Ọgọ́fà ìlà ni wọ́n máa kọ. Ó yà wọ́n lẹ́nu pé Màmá Ẹ̀gbẹ́-Ògiri gbà. Ó ní kí obìnrin olójú mímú yẹn máa bọ̀ nílé òun láago mẹ́rin lójoojúmọ́, kó má sì mú Máníjà wá.

Yàrá mẹ́ta lókè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì ni ilé náà. Fìlà ọkọ rẹ̀ tó ti kú ṣì wà lórí ìṣó lẹ́nu ọ̀nà. Wọ́n á gbé kọ̀ǹpútà sórí tábìlì, wọ́n á gbọ́ ìlà kan, obìnrin náà á sọ ọ́, Ẹsẹ̀-ò-Gbélé á tẹ̀ ẹ́. Lẹ́yìn ìlà mẹ́ta mẹ́ta ló máa ń dìde rìn yí tábìlì ká.

"Jókòó," ni arúgbó máa ń wí. "O ń fún mi lóòyì."

Lọ́jọ́rú, wọ́n ti ṣe àádọ́rin ìlà nígbà tí fóònù dún. Ilé iṣẹ́ ọkọ̀ ojú omi ni. Ẹrù ti pé, ọkọ̀ kò ní dúró di ọjọ́ Ajé mọ́. Àárọ̀ ọjọ́ Ẹtì ló máa gbéra, kí akọ̀wé wá sùn sínú rẹ̀ lọ́jọ́bọ̀. Ó bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n fún òun ní ọjọ́ méjì péré. Ẹni tó pè é rẹ́rìn-ín. "Ìyá, ọkọ̀ ni, kì í ṣe kẹ̀kẹ́."

Ó gbé fóònù sílẹ̀. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í rìn láti fèrèsé dé ẹnu ọ̀nà, láti ẹnu ọ̀nà dé fèrèsé.

"Máa lọ," ni Màmá Ẹ̀gbẹ́-Ògiri wí. "Wọ́n á rí ẹlòmíràn tẹ bọ́tìnì."

"Ta ló máa rí èémí wọn?"

"Mi ò mọ̀. Àmọ́ ọkọ̀ ò mọ ìyẹn."

Ó sọ̀ kalẹ̀. Ó rìn dé ìkóríta, ó yà sọ́tùn-ún, ó tún yà sọ́tùn-ún, ó bá ara rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà kan náà. Ó yí àdúgbò náà ká lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Ẹni tó ń fọ ọkọ̀ lẹ́bàá títì béèrè bóyá nǹkan rẹ̀ sọ nù ni. Inú ń bí i. Ta ló ń bí i nínú? Kò mọ̀. Bóyá àwọn ọlọ́kọ̀, bóyá arúgbó yẹn, bóyá bàbá rẹ̀ tó ti kú tipẹ́ tó kọ́ afárá fún gbogbo èèyàn tí kò sì rìn lórí ẹyọ kan rí ju ìgbà kan lọ. Nígbà tó padà gòkè, obìnrin náà wà nídìí tábìlì. Ó ti fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ ìlà méjì sórí ìwé, ọ̀rọ̀ ìyá ní kíṣìnnì tí wọ́n ti ń fò láti ọjọ́ àkọ́kọ́. Ẹsẹ̀-ò-Gbélé fa àga.

Kò lọ. Àmọ́ láàárọ̀ ọjọ́ Ẹtì, ó wà ní èbúté, ó dì mọ́ irin ọgbà, ó ń wo ọkọ̀ tó yẹ kó wà nínú rẹ̀ bó ṣe ń sún kúrò létí ilẹ̀. Ó sunkún bí ọmọdé. Nígbà tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ gbọ́ tó ń dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run, àbúrò ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ má tíì yọ̀. Ó ń dùn mí." Ẹ̀gbọ́n náà kò gbọ́ irú gbólóhùn yẹn lẹ́nu àbúrò rẹ̀ rí. Àbúrò tí kì í sọ ju "mo wà dáadáa" lọ láti ìlú dé ìlú. Ó bu omi fún un, ó sì jókòó tì í.

Lọ́jọ́ Sátidé, ilé kún débi pé wọ́n gbé àga kún àga. Màmá Ẹ̀gbẹ́-Ògiri jókòó síbi tó máa ń jókòó sí. Ẹsẹ̀-ò-Gbélé dúró nídìí gíláàsì, nígbà tí ìyá inú fíìmù sì nu ọwọ́ tó fẹ́ sọ̀rọ̀, ó rí èémí náà, ó tẹ̀ ẹ́. Ìlà méjèèjì yọ. Ẹnjiníà ńlá kan níwájú bọ́ gíláàsì ojú rẹ̀, ó ń nù ún, ó sì ń nù ún.

Ohun tí kò sẹ́ni tó retí ni pé arúgbó náà ló lọ. Oṣù méjì lẹ́yìn náà, ó ta ilé, ó fún Ẹsẹ̀-ò-Gbélé ní tábìlì, ó sì wọ ọkọ̀ òfurufú padà sílẹ̀ rẹ̀. Ọjọ́ Àìkú ló máa ń fóònù. Ó ní wọ́n ti wó òpópónà tí wọ́n bí òun sí. Ó ní àwọn ọmọdé ń tún ọ̀rọ̀ ṣe mọ́ òun lẹ́nu, pé èdè tóun ń sọ, àwọn òkú nìkan ló kù tó ń sọ ọ́. Ẹsẹ̀-ò-Gbélé bi í bóyá ó kábàámọ̀. Ó ní òun ò tíì mọ̀, kó tún bi òun léèrè tó bá di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀.

Ọdún karùn-ún rèé tí Ẹsẹ̀-ò-Gbélé ti wà nílé sinimá yẹn, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìgbà tó lò nílé ẹjọ́. Ẹ má rò pé ó ti sàn. Ó ṣì ń ka ìwé ara ògiri. Ó da Máníjà láàmú títí ó fi gbà kí wọ́n máa gbé fíìmù lọ bá àwọn àlejò tó wà ní ìlú mìíràn, lẹ́ẹ̀kan lóṣù, nínú bọ́ọ̀sì. Òun á di ẹ̀rọ mọ́ àyà, Ó-ti-Yá á máa ráhùn lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ pé ẹ̀yìn ń dun òun.

Ní oṣù tó kọjá, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ní òun náà fẹ́ wá wo ohun tó so àbúrò òun mọ́lẹ̀. Ó wá lọ́jọ́ Sátidé, ó wọ bàtà ìjáde, ó jókòó síwájú pátápátá láàárín àwọn àlejò. Kò tó ìṣẹ́jú mẹ́wàá tó ti sùn. Ẹsẹ̀-ò-Gbélé ń wò ó látẹ̀yìn gíláàsì, orí rẹ̀ ń tẹ̀ lọ sórí èjìká tíṣà kan tí kò mọ̀ ọ́n rí, tíṣà náà kò sì mira.

"Ó dára," ni ẹ̀gbọ́n náà wí nígbà tí wọ́n jáde. "Ṣùgbọ́n kí ló dé tí ọkùnrin inú fíìmù yẹn ò ra kọ́tìnì sí fèrèsé rẹ̀? Gbogbo ìgbà ló ń wo ìta."

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ sùn."

"Mo sùn, mo tún jí, fèrèsé yẹn náà ló ṣì ń wò." Ó di ọwọ́ àbúrò rẹ̀ mú kó lè sọ̀ kalẹ̀ lórí àtẹ̀gùn. "Báwo ni ìlú tí ẹ ń gbé fíìmù lọ lóṣù tó ń bọ̀ yẹn ṣe jìnnà tó?"